Ọ̀nà Tí Ogun Là, Ọ̀nà Tí Ebi Là: Ìtàn Àwọn Ọ̀nà Ìgbèríko Írẹ́lándì

Bí ènìyàn bá ń gbọ́ ìròyìn ilẹ̀ Írẹ́lándì lẹ́nu àwọn arìnrìn-àjò òde òní, tí wọ́n ń sọ nípa àwọn òkè aláwọ̀ ewé tí ìkùukùu kì í fẹ́ kúrò lórí wọn, àwọn adágún omi tí ó dá rọ́rọ́ láàrin àfonífojì, àti òkun Àtìláńtíìkì tí ń bú ramúramù lẹ́sẹ̀ àpáta, ó lè rò pé ìgbádùn ojú ni àwọn ará àtijọ́ ń wá tí wọ́n fi la àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń yí kọ́lọkọ̀lọ láàrin ẹwà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ogun ni ó la òmíràn nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, ebi ni ó la òmíràn, àwọn kan sì wà tí ó jẹ́ pé àpò lẹ́tà ọba ni wọ́n ń wá bí yóò ṣe tètè dé ibi tí ó ń lọ. Ẹwà tí à ń wò lónìí, èènì ni.

Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kò rọrùn láti rìn. Àárín gbùngbùn rẹ̀ kún fún irà dúdú, èyí tí ewéko tí ó ti jẹrà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kó ara jọ dì, tí àwọn ará ibẹ̀ ń gé ní gígé bíríkì, tí wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n sì ń fi dáná ní ìgbà òtútù. Ní Corlea, ní agbègbè Longford, ibi tí wọ́n ti ń wa irà yìí ni wọ́n ti kan ọ̀nà kan tí a fi pákó igi óákù tẹ́, tí ó fẹ̀ tó kí kẹ̀kẹ́ ẹrù gba orí rẹ̀ kọjá; nígbà tí àwọn onímọ̀ sì ka òrùka ọjọ́ orí tí ó wà nínú igi náà, wọ́n rí i pé ọdún 148 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n gé e lulẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, igi tí wọ́n sì gé fún un kì í ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ náà ni ó pa á: kò tó ọdún mẹ́wàá tí irà fi gbé e mì. Láti ìgbà náà wá ni ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ la ọ̀nà ní Írẹ́lándì ti mọ̀ pé irà ni ọ̀tá àkọ́kọ́.

Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn onílẹ̀ ńláńlá agbègbè kọ̀ọ̀kan, tí ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń pín owó orí, ni ó ń pàṣẹ ibi tí ọ̀nà yóò gbà. Arthur Young, àgbẹ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó rin ilẹ̀ náà já láti ọdún 1776, yin àwọn ọ̀nà náà débi pé ó fi wọ́n ṣe àpọ́nlé ju ti ìlú rẹ̀ lọ. Kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹni tí ń pín ọ̀nà kì í fi ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀, pàápàá nígbà tí ó bá jẹ́ pé àwọn tálákà tí ń yá ilẹ̀ rẹ̀ dáko ni yóò san owó náà.

Nínú àwọn ọ̀nà tí ogun là, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nà Ológun, lórí àwọn òkè Wicklow, níhà gúúsù ìlú Dublin. Ní ọdún 1798, àwọn ará Írẹ́lándì dìtẹ̀ mọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀tẹ̀ náà kùnà, ẹ̀jẹ̀ ṣàn, àwọn olórí rẹ̀ lọ sí ojú ikú. Síbẹ̀, àwọn kan kò túúbá. Wọ́n gun òkè Wicklow lọ, níbi tí kò sí ọ̀nà tí ẹṣin tàbí àgbá lè gbà dé, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń sọ̀kalẹ̀ wá kọlu àwọn ọmọ ogun ọba, kí wọ́n tó tún padà wọ inú ìkùukùu. Gbajúmọ̀ wọn ni Michael Dwyer, ọmọ àfonífojì Imaal, a-rìn-nínú-ìkùukùu-má-fẹsẹ̀-kọ, ẹni tí ẹgbẹ̀rún ń wá tí ojú ẹnìkan kò tó, ẹni tí àwọn àgbẹ̀ orí òkè ń bọ́ ní kọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń gbé pamọ́ láti ilé dé ilé nígbà tí ẹ̀ṣọ́ bá ń bọ̀.

Ìjọba wá pinnu pé bí ọwọ́ kò bá tó ẹni tí ó wà nínú igbó, igbó náà ni a ó là sí méjì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1800, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Alexander Taylor, ọmọ Scotland tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọ̀nà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá Rathfarnham, wọ́n gba orí irà lọ sí Glencree, wọ́n gba Sally Gap kọjá, wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí Laragh, wọ́n tún gòkè, wọ́n ré Glenmalure kọjá, títí wọ́n fi dé Aghavannagh. Ọmọ ogun ni wọ́n fi ṣe lébìrà, ọ̀pọ̀ wọn láti àwọn òkè Scotland, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ́ bárékè sí ojú ọ̀nà bí wọ́n ti ń lọ. Oṣù kẹwàá ọdún 1809 ni wọ́n tó fi ọwọ́ lérán pé iṣẹ́ parí. Ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ la ọ̀nà ńkọ́? Dwyer ti fa ara rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́ láti oṣù kejìlá ọdún 1803. Wọ́n ti kó o sọdá òkun lọ sí Australia, níbi tí ọkùnrin tí ń sá fún ẹ̀ṣọ́ lánàá ti padà di olórí ẹ̀ṣọ́ ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Liverpool. Ó tó ọdún márùn-ún gbáko àti oṣù lórí rẹ̀ tí wọ́n fi ń la ọ̀nà lépa ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ohun tí ó mú kí ọ̀nà náà dùn ún wò lónìí kò ju pé ogun ni ó là á lọ. Ọ̀nà tí a là fún ọjà a máa yà sí abúlé yìí, a yà sí ọlọ tọ̀hún, a sì fara mọ́ ibi tí ilé bá wà; ṣùgbọ́n ti Wicklow kò yà síbì kan, nítorí pé kì í ṣe abúlé ni ó ń wá, ibi gíga tí ojú ẹ̀ṣọ́ ti lè tó òréré ni. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ gba ibẹ̀ lè rìn títí láìrí igi, láìrí ilé, bí kò ṣe ìgbẹ́ kúkúrú tí ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò nígbà tí ọdún bá di oṣù kẹjọ, àwọn adágún Bray méjèèjì nísàlẹ̀, àti omi Glenmacnass tí ń ti orí àpáta já bọ́ sínú àfonífojì. Àwọn bárékè náà sì ní ìtàn tiwọn. Ti Glencree di ilé tí wọ́n ti ń tún àwọn ọmọkùnrin tí ó yà kúrò lójú ọ̀nà tọ́, láti ọdún 1859. Lónìí, ilé ìlàjà ni, níbi tí àwọn tí ó ti bá ara wọn jà ti ń jókòó sọ̀rọ̀. Ti Aghavannagh ni ó pa mí lẹ́rìn-ín jù: ilé tí wọ́n kọ́ láti fi tẹ orí ìṣọ̀tẹ̀ bọlẹ̀ di ilé ìsinmi àwọn ọdẹ lọ́wọ́ Charles Stewart Parnell àti lẹ́yìn rẹ̀ John Redmond, àwọn méjèèjì tí wọ́n jẹ́ aṣáájú nínú ìjà pé kí Írẹ́lándì máa ṣe àkóso ara rẹ̀. Ìgbà kò lọ bí òréré.

Ọ̀nà wà nígbà tí wọ́n ń la ti Wicklow, ṣùgbọ́n ènìyàn mélòó ni ó rí ọkọ̀ wọ̀ lórí rẹ̀? Ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin tí ń gbé lẹ́tà ti ń ná àwọn ìlú ńlá láti ọdún 1789, owó rẹ̀ sì kọjá agbára mẹ̀kúnnù. Olówó ní kẹ̀kẹ́ ẹṣin tirẹ̀, tálákà ní ẹsẹ̀ méjì. Ẹni tí ó gbé àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì wọ̀nyí gun ọkọ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà rárá. Charles Bianconi ni, ọmọ Ítálì, tí wọ́n bí ní ọdún 1786 ní ìletò kan nítòsí Como, tí ó sì dé Dublin ní 1802 pẹ̀lú ọ̀gá kan tí ń kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wá ta àwòrán kiri. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbé àpótí àwòrán kọ́ ọ léjìká, ó di alárìnkiri ìgbèríko, láti ìlú dé ìlú, nínú òjò àti nínú ẹrẹ̀, títí ó fi ní ilé ìtajà tirẹ̀ ní Carrick-on-Suir, àti lẹ́yìn náà ní Clonmel. Àwa a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Àlejò yìí rí ohun tí onílé kò rí, nítorí pé ẹni tí ó ti fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tẹrù-tẹrù ni ó mọ bí ó ti jìn tó.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1815, ogun Waterloo fi òpin sí ìjà Napoleon, ẹṣin tí wọ́n ti ń sìn fún ogun sì di ọ̀pọ̀ lọ́jà. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje, ni Bianconi gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin kan ṣoṣo jáde láti Clonmel lọ sí Cahir. Àwọn ènìyàn wò ó, wọ́n kọjá lọ. Wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọn kò sì rí ìdí tí wọn yóò fi san owó fún ohun tí Ọlọ́run fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọgbọ́n tí ọkùnrin náà wá dá, òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń ròyìn rẹ̀ nígbà tí ó di àgbà: ó yá ọkọ̀ mìíràn àti awakọ̀ mìíràn ní ìkọ̀kọ̀, ó ní kí wọ́n máa bá òun du èrò ní ojú ọ̀nà kan náà. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ọ̀gá kan ni ó ni méjèèjì. Kódà awakọ̀ tirẹ̀ kò mọ̀. Ni ìlú bá pín sí méjì, ẹgbẹ́ kan ń gbè sẹ́yìn Bianconi, ẹgbẹ́ kejì ń gbè sẹ́yìn alátakò rẹ̀, wọ́n ń wọ ọkọ̀ nítorí ìdíje, wọ́n sì ti wọ̀ ọ́ mọ́ra kí ìdíje tó tán. Bí oníṣòwò kan bá wà nínú àwa tí ó lè fi ọgbọ́n yìí wé tirẹ̀, kí ó bọ́ síta.

Ó yẹ kí a wo ọkọ̀ náà dáadáa, nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ fi ìgbèríko Írẹ́lándì han ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò ní òrùlé. Ẹ̀yìn ni àwọn èrò fi ń kọ ara wọn, tí wọ́n kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí ẹsẹ̀ wọn gbé orí pákó kan tí ó yọ síta lókè àgbá kẹ̀kẹ́. Ẹrù wọn wà nínú kòtò tí ó wà láàrin wọn. Bí òjò bá dé, òjò ibẹ̀ kì í sì í jìnnà, awọ ni wọ́n fi ń bo itan. Ẹni tí ó jókòó lọ́wọ́ òsì kò rí ohun tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún títí yóò fi sọ̀, nítorí náà bí ọkọ bá jókòó síhìn-ín tí aya jókòó sọ́hùn-ún, ìròyìn ilẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò mú délé. Àwọn kékeré ń gbé èrò mẹ́rin. Àwọn ńlá, tí wọ́n fi orúkọ òmìrán inú àlọ́ wọn, Finn MacCool, pè, ń gbé tó ogún.

Ní ọdún 1843, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàdé wọn ní Cork, Bianconi dìde láàrin wọn, ó ka iṣẹ́ rẹ̀ sí wọn létí: ọkọ̀ 100, ẹṣin 1,300, ìrìn máìlì 3,800 lójoojúmọ́, àyè ìpààrọ̀ ẹṣin tí ó lé ní 140, owó ọkọ̀ sì jẹ́ kọ́bọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan àti ìdámẹ́rin fún máìlì kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ti ń ra gbogbo koríko àti ọkà tí àwọn ẹṣin náà ń jẹ. Ó ní àwọn ọkọ̀ òun kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, yàtọ̀ sí àwọn tí ń gbé lẹ́tà, nítorí pé òun ti rí i pé ẹṣin tí ó bá rin máìlì mẹ́jọ lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà ń ṣe dáadáa ju èyí tí ó rin mẹ́fà fún ọjọ́ méje lọ. Ó tún ní, bí ìlú ti ń dàrú tó ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, tí ọkọ̀ òun sì ń kọjá lóru pẹ̀lú àpò lẹ́tà, kò sí ẹni tí ó dá òun lọ́nà rí. Mo gbà á gbọ́. Ọmọ ẹni kì í ju òkúta lu ọkọ̀ tí yóò gbé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Àwọn ará Clonmel fi alágbàtà àwòrán àná jẹ olórí ìlú wọn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, kò bínú sí i. Ó ra ìpín nínú rẹ̀, ó sì kó àwọn ẹṣin rẹ̀ síwájú lọ sí ibi tí irin kò tíì dé. Ìgbà tí agbára rẹ̀ rọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni ó ta ọkọ̀ náà fún pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ó kú ní 1875.

Nísinsìnyí a dé orí ebi, èyí tí ó ṣòro láti kọ. Ní ọdún 1845, àrùn kan bọ́ sára ọ̀dùnkún òyìnbó, tí ó jẹ́ pé òun nìkan ni oúnjẹ ọ̀kẹ́ àìmọye tálákà ilẹ̀ náà láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ó ń jẹrà nínú ilẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ń gba gbogbo oko kan. Ìjọba London ní kì í ṣe ìwà ọgbọ́n láti fún ènìyàn ní oúnjẹ ọ̀fẹ́. Kí wọ́n ṣiṣẹ́, kí wọ́n gba owó, kí wọ́n fi ra oúnjẹ. Iṣẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí onílẹ̀ kan yóò jẹ èrè rẹ̀. Kí ni ó kù bí kò ṣe ọ̀nà? Ní ìgbà òtútù ọdún 1846 wọ 1847, nínú yìnyín, àwọn ọkùnrin, àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé ń fọ́ òkúta, wọ́n ń wa ilẹ̀, wọ́n ń gé òkè. Ní oṣù kẹta ọdún 1847, iye àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà lé ní 700,000. Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan kò ká oúnjẹ ilé, nítorí pé iye owó ìyẹ̀fun ń gòkè lójoojúmọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ń dá ìjọba ìgbà náà láre pé òfin ọrọ̀ ajé tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Èmi kò rí ọgbọ́n kankan nínú kí a ti òòlù bọ ẹni tí ń kú lọ lọ́wọ́.

Nígbà tí ó yá, ìjọba fúnra rẹ̀ rí i. Wọ́n fi òpin sí iṣẹ́ náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọbẹ̀ fún àwọn ènìyàn. Ní oṣù keje 1847, ẹnu tí ń jẹ nínú ọbẹ̀ náà tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Ibi tí òòlù dé lọ́jọ́ náà ni ọ̀nà dúró sí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹni tí ó bá ń rìn ní ìwọ̀-oòrùn Írẹ́lándì yóò fi máa rí ọ̀nà tí ó gun òkè dé ìdajì tí ó sì tán síbẹ̀, láìdé ilé, láìdé oko, tí koríko ti bò. Kí ebi náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ti kú, àwọn tí ó sì wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Amẹ́ríkà àti ibòmíràn lé ní mílíọ̀nù kan.

Àfonífojì Doolough, ní agbègbè Mayo, wà láàrin òkè Mweelrea àti àwọn òkè Sheeffry, adágún dúdú gígùn sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 1849, àwọn tí ebi ń pa kó ara wọn jọ sí Louisburgh láti tọrọ ìrànlọ́wọ́. Àwọn ìjòyè tí yóò yẹ̀ wọ́n wò ti ré kọjá lọ sí Delphi, níbi tí ilé ìsinmi ọdẹ kan wà, ìrìn tí ó ju máìlì mẹ́wàá lọ, wọ́n sì ní kí wọ́n wá bá àwọn níbẹ̀. Wọ́n rìn ín nínú òtútù, lẹ́bàá adágún náà. Wọ́n dé ibẹ̀, wọn kò rí nǹkan gbà. Ibi tí wọ́n ti ń padà bọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ṣubú tí wọn kò dìde mọ́. Ìwé ìròyìn ìgbà náà ka àwọn òkú náà ní díẹ̀, ẹnu àwọn ará ibẹ̀ kà wọ́n ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Òkúta ìrántí kan wà níbẹ̀ báyìí, àwọn ènìyàn sì máa ń rin ọ̀nà náà lọ́dọọdún. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Desmond Tutu bá wọn rìn ín ní 1991. Wọn a tún máa dárúkọ àwọn Choctaw, ẹ̀yà kan nínú àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá owó dọ́là 170 ránṣẹ́ fún àwọn tí ebi ń pa ní 1847, nígbà tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n lé àwọn náà kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn, tí ọ̀pọ̀ wọn sì kú sójú ọ̀nà.

Àwọn tí ń rìn fún fàájì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú kí ebi tó dé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n pọ̀. Ní 1858, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí yóò di Edward Keje, gba Bantry àti Glengarriff lọ sí Killarney, títí di òní ni wọ́n sì ń fi oyè rẹ̀ pe ọ̀nà náà. Ìyá rẹ̀, Victoria, wá fúnra rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1861. Ìdílé Herbert, onílé Muckross, tún ilé ṣe, wọ́n ra aṣọ títa tuntun, wọ́n ná owó bí ẹni tí ń fi ọmọ fọ́kọ, gbogbo rẹ̀ fún àlejò tí ó sùn díẹ̀ tí ó sì lọ. Kí ọdún náà tó parí, ọkọ ọbabìnrin ti kú, ọ̀fọ̀ gba ààfin, kò sí ẹni tí ó rántí Muckross mọ́. Ohun tí ó kù ni ibi gíga kan lójú ọ̀nà Kenmare tí àwọn obìnrin tí ń bá ọbabìnrin náà rìn ti dúró wo àwọn adágún Killarney, tí ó ń jẹ́ orúkọ wọn. Mọ́tò dé lẹ́yìn ìyẹn: ní ọjọ́ kejì oṣù keje 1903, wọ́n sá eré ìje Gordon Bennett ní àwọn ọ̀nà Kildare àti Carlow, nítorí pé òfin kò gbà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Camille Jenatzy, ọmọ Belgium, sì fi ọkọ̀ Mercedes gba ipò kìn-ín-ní.

Ní ọdún 2014, Fáilte Ireland, àjọ tí ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́, so àwọn ọ̀nà etí òkun ìwọ̀-oòrùn pọ̀, láti Donegal dé Kinsale, nǹkan bí kìlómítà 2,500, wọ́n sì pè é ní Wild Atlantic Way. Ọ̀nà Doolough wà nínú rẹ̀. Kò pọn dandan kí wọ́n la ọ̀nà tuntun; pátákó aláwọ̀ aró tí wọ́n ya àmì ìgbì funfun sí ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí àwọn ará ìṣáájú ti là, owó sì ń wọlé. Ọ̀nà náà ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ bí wọ́n ti fi í sílẹ̀: koríko ń hù láàrin òmíràn, àgùntàn tí wọ́n fi ọ̀dà pupa tàbí aró sàmì sí lẹ́yìn a máa sùn sí i, bí ọkọ̀ méjì bá sì pàdé, ọ̀kan ní láti fi ẹ̀yìn rìn padà sí ibi tí ó fẹ̀ díẹ̀. Awakọ̀ ibẹ̀ tí o bá yẹ̀ fún yóò gbé ìka kan ṣoṣo sókè lórí síárìn rẹ̀ bí ó ti ń kọjá. Ìkíni ni, gbé tìrẹ náà sókè.